Bí a ṣe ń fi dísírúbútọ̀ ẹlẹ́tíróníìkì sínú búgì oní-ẹ́ńjìnì Ìjàpá, àti bí a ṣe ń ṣe táímìnì ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní búgì tí wọ́n kọ́ sórí ṣásí Volkswagen Ìjàpá, tàbí tẹ́ ẹ ṣì ń tò ó lọ́wọ́ nínú gáréèjì, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀. Dísírúbútọ̀ ló ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, táímìnì sì ni ìgbà tí iná yẹn ń tàn. Fífi ti ẹlẹ́tíróníìkì sí i wà lára ohun tó dáa jù téèyàn lè ṣe fún ẹ́ńjìnì yẹn, ọjọ́ kan péré lèèyàn lè fi ṣe é tán tó bá fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n kit car, ọkọ̀ téèyàn fúnra ẹ̀ tò, kì í ṣe ọkọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ jáde lódindi o. Bódì wá láti ibì kan, ẹ́ńjìnì wá láti ara ọkọ̀ mí ì, púlì lè jẹ́ ti ọdún tó yàtọ̀ pátápátá, wáyà sì rèé, ẹni tó fà á ò sí ńtòsí tẹ́ ẹ máa bi léèrè. Torí náà kẹ́ ẹ tó mú sípánà rárá, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí nǹkan kan: àmì yòówù tẹ́ ẹ bá rí lára ọkọ̀ yẹn, ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi fọwọ́ ara yín wádìí ẹ̀.

Àtọdún 1964 ni Bruce Meyers ti ṣe Meyers Manx àkọ́kọ́ ní California, búgì tí bódì fáíbà ẹ̀ ń gbé ara ẹ̀ ró tó sì ní ẹ́ńjìnì Ìjàpá, lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń ṣe èyí tó ń jókòó sórí ilẹ̀ Ìjàpá tí wọ́n gé kúrú, látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń ṣe irú ẹ̀ káàkiri, láti Britain dé Brazil. Ẹ́ńjìnì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà làwọn bàbá mẹkáníìkì wa mọ̀ bí ẹní mowó, torí ní 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó nígbà ayé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ máa pè é lórí fóònù, imú ẹ̀ àti etí ẹ̀ wúlò ju ìwé lọ nígbà mí ì.

Kí ló tiẹ̀ dé tá a fi fẹ́ yọ ti àtijọ́? Kọ́ńtáàkì inú dísírúbútọ̀ àtijọ́, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé kí iná lè tàn, 0.4 mm ni àlàfo ẹ̀, nǹkan kékeré kan wà lára ẹ̀ tó ń fara ra kámù nígbà gbogbo tí ẹ́ńjìnì bá ń yí. Bí nǹkan yẹn ṣe ń jẹ ni àlàfo ń dín kù, bí àlàfo ṣe ń dín kù ni kọ́ńtáàkì ń pẹ́ kó tó ṣí, táímìnì á máa yọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ti ẹlẹ́tíróníìkì ò ní ohun tó ń fara ra nǹkan, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ́ìlì pé ó yá, tá iná. Táímìnì tẹ́ ẹ bá ṣe lónìí, ibẹ̀ lẹ máa bá a lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni módù kékeré téèyàn ń kì bọ inú dísírúbútọ̀ àtijọ́ tó wà nílẹ̀, bí irú Bosch 009, ìkejì ni kéèyàn ra dísírúbútọ̀ tuntun odindi, bí irú 123ignition tí wọ́n ń ṣe ní Holland, tó ń fi kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀ ṣírò ìgbà tó yẹ kí iná tàn. Èmi ò ní gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ ki módù tuntun sínú 009 tí ọ̀pá àárín ẹ̀ ti ń mì. Ẹ di orí ọ̀pá yẹn mú, ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ ra odindi jàre, torí táímìnì á kàn máa fò kiri ni. Tó bá sì jẹ́ pé yíyí lẹ ń yí i tó ń padà fúnra ẹ̀, ìyẹn dáa, sípíríǹgì inú ẹ̀ ló ń fà á padà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ wo kọ́ìlì náà. Èyí ló ń ba módù jẹ́ jù, àwọn èèyàn kì í fura. Ẹ yọ wáyà ara kọ́ìlì, ẹ gbé mítà sí ohm, ẹ wọn ẹnu 15 àti ẹnu 1 (15 ni pósítíìfù, 1 ni nẹ́gátíìfù). Ọ̀pọ̀ módù fún ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́rin máa ń fẹ́ kọ́ìlì tí ò dín sí 3 ohm. Ìṣirò ẹ̀ ò le: volt 12 pín sí ohm 3, ampere 4 ló máa gba inú módù kọjá. Tí kọ́ìlì bá jẹ́ 1.5 ohm, ampere 8 nìyẹn, módù á gbóná, á sì kú. Àwọn dísírúbútọ̀ mí ì wà tó gba kọ́ìlì kékeré o, ìwé tó bá tiyín wá nínú páálí ló máa sọ ìyẹn, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan.

Wáyà púlọ́ọ̀gì ńkọ́? Ẹ má lo èyí tó jẹ́ kọ́pà lásán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí ò ní rẹsítọ̀ níbì kankan. Ariwo iná tó ń tú jáde lára ẹ̀ máa ń da sẹ́ńsọ̀ láàmú, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, ẹ ó sì máa wá ẹ̀bi kiri lára kábúrétọ̀ tí ò ṣẹ̀.

Ó wá kan ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ibẹ̀ ni kit car ti yàtọ̀ sí Ìjàpá gidi. Nínú Ìjàpá, irin ni gbogbo bódì, ibi tẹ́ ẹ bá ti dè é mọ́ bódì, ẹ́ẹ̀tì ni. Bódì fáíbà ò yàtọ̀ sí garawa ike, iná ò lè gba ara ẹ̀ kọjá. Mo ti rí búgì tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì de kọ́ìlì mọ́ fáíbà, tí wọ́n tún fi wáyà ẹ́ẹ̀tì kan sábẹ́ bọ́ọ̀tì yẹn, wọ́n ń retí pé kó ṣiṣẹ́. Kò lè ṣiṣẹ́ láéláé! Wáyà nípọn gidi gbọ́dọ̀ ti nẹ́gátíìfù bátìrì lọ sí ṣásí, òmíràn gbọ́dọ̀ ti ṣásí lọ sí gíábọ́ọ̀sì tàbí ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀, torí rọ́bà ló wà láàárín gíábọ́ọ̀sì àti ṣásí. Ẹ fi sáńpépà ha ibi tí wáyà ti kan irin títí á fi máa dán, kíkùn ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa nìyí: tẹ́ ẹ bá ti fi gbogbo nǹkan sí tán, ẹ gbé mítà sí volt, ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀ sórí nẹ́gátíìfù bátìrì, ọwọ́ kejì sára irin dísírúbútọ̀, kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́ tan iná ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kó sún mọ́ òdo ni. Tó bá ti ju 0.2 volt lọ, ẹ padà lọ wá ibi tí ẹ́ẹ̀tì ti burú, ẹ má tíì lọ síwájú. Ẹ tún wo pósítíìfù kọ́ìlì nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnì, tí volt ibẹ̀ bá ń já wá sí ìsàlẹ̀ 9, bátìrì ti ń kú ni tàbí wáyà tó ń gbé iná wá ti tín-ín-rín jù, módù ò sì ní í fẹ́ jí.

Kẹ́ ẹ tó kan táímìnì, ẹ ṣe àlàfo fáàfù, 0.15 mm, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Púlọ́ọ̀gì, 0.7 mm. Ẹ yọ nẹ́gátíìfù bátìrì kúrò.

Ó yá, TDC, ìyẹn ibi tí písítìnì ti dé òkè pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ihò tàbí ilà tó wà létí púlì, wọ́n á ní TDC nìyẹn. Fún Ìjàpá, irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Púlì ọdún kan, 7.5 dígírì ṣáájú TDC ni ilà ẹ̀, ti ọdún mí ì, 5 dígírì lẹ́yìn TDC ni, òmíràn ní ju ilà kan lọ. Ẹ ò sì mọ púlì ọdún wo ló wà lára búgì yín! Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ́ńjìnì lè rọrùn láti yí. Tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tẹ́ ẹ kọjú síwájú, sílíńdà 1 wà lápá ọ̀tún, èyí tó sún mọ́ iwájú ọkọ̀, 2 wà lọ́tùn-ún bákan náà ṣùgbọ́n lẹ́yìn, 3 lósì níwájú, 4 lósì lẹ́yìn. Ẹ fi sípánà 21 sórí nọ́ọ̀tì ọ́tánétọ̀, ẹ fọwọ́ kejì tẹ bẹ́ẹ̀tì kó má yọ̀, ẹ yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Kí ẹnì kan fi àtàńpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì 1. Ìgbà tí atẹ́gùn bá ń ti àtàńpàkò yẹn jáde, písítìnì ń gòkè bọ̀ nínú kọ̀mpíréṣàn nìyẹn, ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn. Tí atẹ́gùn ò bá tì í, ẹ tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìnì ń dé òkè, ọ̀kan nínú ẹ̀ ò wúlò fún wa.

Ẹ wá irinṣẹ́ tó ń dá písítìnì dúró, ó máa ń wọ inú ihò púlọ́ọ̀gì bí púlọ́ọ̀gì gan-an, ọ̀pá kékeré ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí púlì padà sẹ́yìn díẹ̀ kí písítìnì kúrò lókè, ẹ wá dè é sí ihò 1, ẹ fọwọ́ rọra yí ẹ́ńjìnì síwájú títí písítìnì á fi kan ọ̀pá yẹn jẹ́jẹ́ tí ò ní lọ mọ́. Ẹ fi kíkùn funfun sàmì sára púlì ní ọ̀gangan ibi tí ààbọ̀ ẹ́ńjìnì méjèèjì ti pàdé lókè, ojú ìpàdé yẹn ni atọ́ka wa. Ẹ wá yí i padà sẹ́yìn, púlì á fẹ́rẹ̀ẹ́ yí odindi kó tó tún kan ọ̀pá, ẹ tún sàmì. Àárín gbùngbùn àmì méjèèjì yẹn, níbi tí wọ́n ti sún mọ́ra, TDC gidi nìyẹn, kò sí ẹni tó lè jiyàn ẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí i o, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sítátà yí i tí irinṣẹ́ yẹn bá wà nínú ẹ̀, á lu písítìnì.

Tí púlì yín ò bá ní dígírì lára, ẹ fi téèpù wọn àyíká ẹ̀ yípo, ẹ pín in sí 360. Ká ní ó jẹ́ 550 mm, dígírì kan jẹ́ 1.5 mm díẹ̀ lé, ọgbọ̀n dígírì á jẹ́ nǹkan bíi 46 mm. Ẹ gbé àmì TDC sí ojú ìpàdé lókè, kẹ́ ẹ wá wọn 46 mm lọ sápá ọ̀tún, ẹ kùn ún funfun. Ọ̀tún ni, torí púlì ń yí bí ọwọ́ aago, àmì tó wà lọ́tùn-ún ló máa kọ́kọ́ dé ojú ìpàdé kí TDC tó dé. Ẹni tó bá fi sósì á fi iná sílẹ̀ di ẹ̀yìn TDC, ọkọ̀ ò sì ní lágbára kankan.

Ẹ yọ irinṣẹ́ yẹn, ẹ gbé ẹ́ńjìnì padà sí TDC ti kọ̀mpíréṣàn sílíńdà 1. Ẹ ya fọ́tò dísírúbútọ̀ àtijọ́ láti òkè, ẹ kọ nọ́ńbà sára wáyà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì 13 ló di kílánbù mọ́ ara ẹ́ńjìnì, ẹ tú u, ẹ fa dísírúbútọ̀ sókè tòun ti kílánbù ẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má yí ẹ́ńjìnì mọ́ títí tuntun á fi wọlé.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò yẹn. Ẹ máa rí ilà jíjìn kan tó gba orí gíá ìsàlẹ̀ kọjá, kò sí láàárín gbùngbùn, ẹ̀gbẹ́ kan tóbi ju ìkejì lọ. Ní TDC sílíńdà 1, ó yẹ kí ilà yẹn dábùú ojú ìpàdé ẹ́ńjìnì, kí ẹ̀gbẹ́ kékeré kọjú sí púlì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó to ẹ́ńjìnì yẹn mọ iṣẹ́. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìparun, ẹ kàn máa tẹ̀ lé rótọ̀ (ọwọ́ tó ń yí lórí ọ̀pá dísírúbútọ̀) bí màá ṣe sọ nísàlẹ̀. Sípíríǹgì kékeré kan tún wà láàárín gíá yẹn, ẹ rí i dájú pé ó ṣì wà níbẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí dísírúbútọ̀ àtijọ́ jáde nígbà mí ì. Ẹ fi àkísà mímọ́ dí ihò náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ mu omi. Wáṣà kan tó bá bọ́ síbẹ̀, inú ẹ́ńjìnì ló ń lọ tààrà.

Ẹ fi rọ́bà tuntun sọ́rùn dísírúbútọ̀ tuntun, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ ra á. Ẹ kì í bọ ihò, ẹ máa yí rótọ̀ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ìdí ẹ̀ bá já sínú ilà, ó máa wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Torí pé ilà yẹn ò sí láàárín, ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà wọlé. Tó bá ṣì ga sókè díẹ̀, kò tíì wọlé o! Ẹ má fi nọ́ọ̀tì fún un wálẹ̀ tipátipá, ìdí ẹ̀ lẹ máa fọ́.

Ẹ wá wo ibi tí rótọ̀ kọjú sí báyìí. Ibẹ̀, ní ọ̀gangan ẹnu ìdérí tó bá kọjú sí i, ni wáyà sílíńdà 1 máa wọ̀, láìka ibi tó wà tẹ́lẹ̀ nínú fọ́tò sí. Láti ibẹ̀, ẹ tò ó bí ọwọ́ aago: 1, 4, 3, 2. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì padà, ẹ so wáyà wọn.

Wáyà módù rọrùn. Púpọ̀ nínú wọn, pupa lọ sí 15 lára kọ́ìlì, dúdú lọ sí 1. Kọ́ńdẹ́ńsà àtijọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò, iṣẹ́ ẹ̀ ti tán. Wáyà mítà rpm ń dúró lórí 1. Wáyà ṣóòkì kábúrétọ̀ sábà máa ń wà lórí 15, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó so bátìrì padà, torí tẹ́ ẹ bá yí pupa sí dúdú, ó lè kú lójú ẹsẹ̀, ẹni tó tà á ò sì ní gbà á padà. Bákan náà, ẹ má fi iná ọkọ̀ sílẹ̀ ní títàn tí ẹ́ńjìnì ò yí, kọ́ìlì á gbóná, módù á gbóná.

Táímìnì tá a ó fi jí i báyìí, ẹ yí ẹ́ńjìnì ní ìlòdì sí ọwọ́ aago díẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e bọ̀ síwájú títí tó fi ku bíi 7.5 dígírì kó dé TDC. Àwọn dísírúbútọ̀ 123ignition kan ní iná kékeré àwọ̀ ewé tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí, ìwé wọn á sọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gbé ẹ́ńjìnì sí, ẹ tẹ̀ lé ìyẹn, ẹ yí ara dísírúbútọ̀ títí iná yẹn á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Àwọn tó ní onírúurú ìlà táímìnì téèyàn lè yàn, ẹ kọ́kọ́ yan tiyín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ti módù lásán, ẹ jẹ́ kí rótọ̀ kọjú sí ẹnu 1, ó ti tó láti jí ẹ́ńjìnì. Ẹ fún kílánbù díẹ̀, kó dúró ṣùgbọ́n kọ́wọ́ ṣì lè yí i.

Ẹ jí i, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa. Tí dísírúbútọ̀ bá ní páìpù fákúùmù, ẹ yọ páìpù yẹn kẹ́ ẹ dí ẹnu ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ iná táímìnì (tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́ yẹ̀ríyẹ̀rí nígbà kọ̀ọ̀kan tí púlọ́ọ̀gì bá ta iná) gbá wáyà sílíńdà 1 mú, ẹ tan án sórí púlì. Ẹ máa rí i tí púlì dúró sójú kan bíi pé kò yí rárá, àmì funfun yẹn á dúró gedegbe lókè, ojú yín á sì fẹ́ tàn yín jẹ. Púlì yẹn ń yí o! Apá ẹ̀wù gígùn, ṣéènì ọrùn, wáyà iná táímìnì fúnra ẹ̀, ẹ kó gbogbo ẹ̀ kúrò nítòsí bẹ́ẹ̀tì.

Má ṣe táímìnì níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń jókòó jẹ́jẹ́, ìyẹn ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì Ìjàpá ni òkè, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, níbi tí táímìnì ti lọ síwájú (tí iná ń tètè tàn) dé òpin. Kí ẹnì kan tẹ tọ́tù lọ sí 3000 sí 3500 rpm, ẹ máa yí ara dísírúbútọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àmì á fi wà láàárín 28 sí 32 dígírì. Ẹ yí i ní ìlòdì sí ọwọ́ aago, táímìnì á lọ síwájú, ẹ yí i bí ọwọ́ aago, á padà sẹ́yìn. Tí pẹtiróòlù ibi tẹ́ ẹ wà ò bá dá yín lójú, 28 ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì yìí lójú, kò ní omi, tí táímìnì bá ti jù, orí ẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, písítìnì á jó ihò, ẹ ò sì ní gbọ́ ìró kankan torí ariwo sàlẹ́ńsà búgì. Ibi tí táímìnì bá wá bọ́ sí nígbà tí tọ́tù bá wálẹ̀ sí bíi 900 rpm, láàárín 5 sí 10 ló sábà máa ń jẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí àmì bá ń fò síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná, ọ̀pá dísírúbútọ̀ tàbí gíá ìsàlẹ̀ ló ti jẹ, tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì 1 ló bàjẹ́. Tí sítátà bá ń ta padà bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ jí i, iná ń yára tàn jù. Tó bá ń yín ìbọn jáde lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ tún 1, 4, 3, 2 kà lórí ìdérí, wáyà méjì ti gba ipò ara wọn. Tí ò bá jí rárá tẹ́ ẹ sì rí iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ TDC kejì yẹn lẹ lò, ẹ gbé gbogbo wáyà lọ sí ẹnu tó dojú kọ ti tẹ́lẹ̀, á jí. Tó bá sì jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó tutù, tó ń kú nígbà tó gbóná, tó tún ń jí lẹ́yìn tó bá sinmi, kọ́ìlì àti ẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wọ̀n, kẹ́ ẹ tó ra módù mí ì.

Ẹ fún kílánbù dáadáa, kẹ́ ẹ tún fi iná wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i ní 3000 rpm, torí fífún yẹn gan-an máa ń yí i dígírì kan tàbí méjì. Ẹ so páìpù fákúùmù padà. Ẹ wà á jáde, ẹ gun òkè kan pẹ̀lú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi sípánà 13 kan nọ́ọ̀tì yẹn wò bóyá ó ti tú, ẹ tẹ gbogbo wáyà orí ìdérí wọlé, kẹ́ ẹ wá fi kíkùn fa ilà tín-ín-rín kan láti ara dísírúbútọ̀ sára ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ lè mọ̀ lójú lásán tó bá ti yí kúrò ní ipò ẹ̀.